Ta Ni Mo Ṣẹ̀ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Mọ́tò Mi Mọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Mo mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú yín rí, ẹ kàn ń mú un mọ́ra ni. Èmi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ́tò nílùú yìí, tó fẹ́ kí mọ́tò náà mọ́, tó sì pinnu pé ọwọ́ òun lòun máa fi fọ̀ ọ́ nílé òun, ọ̀tá aráyé ni wọ́n kà á sí. Òjò á gbógun tì í, ẹyẹ á gbógun tì í, àgbò á gbógun tì í, ìyàwó tó fowó ara rẹ̀ fẹ́ á gbógun tì í, àna á sì bá wọn kún un. Bẹ́ ẹ bá ní mò ń sọ àsọdùn, ẹ ò tíì fọ mọ́tò rí nìyẹn.

Kì í ṣe pé mo láhun tí mo fi ń fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ń fẹnu kan epo ló gbówó lórí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n omi níbi ìfọkọ̀ kò sì gbẹ́yìn, torí jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ wá ń wo èèyàn láti òkè délẹ̀ kí wọ́n tó dá owó, bẹ́ ẹ bá ti wọ agbádá lọ, ẹ ti jẹ gbèsè. Wọ́n á tún wá mú àkísà kan ṣoṣo, àkísà tó ti nu tírélà oníyanrìn láàárọ̀, tó ti nu kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́sàn-án, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ fi nu Camry mi lójú! Camry dúdú, èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Pencil Light! Ẹni tó bá ní mọ́tò dúdú mọ̀ pé kò sí ohun tí kì í hàn lára rẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní ní Àpẹtẹ̀ nílùú Ìbàdàn níbí, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ni n ó ti máa fọ nǹkan mi ní ìrọ̀rùn. Ìrọ̀rùn kẹ̀!

Mo tilẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ o. Mo jókòó ti fóònù lálẹ́, mo ń wo òyìnbó kan tó ń kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń fọ mọ́tò. Ó ní ọ̀dà ara mọ́tò kì í ṣe ipele kan. Ti ìsàlẹ̀ wà, èyí tó ní àwọ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tó mọ́ gaara ló bo gbogbo rẹ̀ lókè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò nípọn tó irun orí. Èyí tó wà lókè yẹn ni iyanrìn máa ń ha tí mọ́tò fi ń ṣá. Ó ní nítorí náà, ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, yóò bó ọ̀rá tí wọ́n fi pa á lára. Ẹ wá korobá méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tẹ́ ẹ ó máa fi ṣan kànìnkànìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òrùlé, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ló dọ̀tí jù. Aṣọ tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má tún fi kan ara mọ́tò mọ́. Ẹ má sì ṣe é nínú oòrùn. Ohùn rẹ̀ tutù. Ilẹ̀ ibi tó ti ń fọ mọ́tò tirẹ̀ ń dán ju tábìlì ìjẹun mi lọ, iná wà ní gbogbo igun, kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, kò sí ìyàwó. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ẹni tó lálàáfíà tó báyẹn gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Odò Ẹlẹ́yẹlé kò jìnnà sí wa rárá, láti ọdún 1942 ni wọ́n ti sé e kí Ìbàdàn lè rí omi mu, síbẹ̀ kànga ni mò ń fà. Pọ́ọ̀ǹbù wà, iná ni kò sí. Nígbà tí iná bá sì wà, ilẹ̀ ti ṣú. Mo sọ dọ̀rọ̀ sínú kànga, mo fà á, mo tún sọ ọ́, ọwọ́ mi ń bó, korobá kìíní kún, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bí ekejì ṣe kún báyìí ni Ìyá Ríṣí, aládùúgbò mi, yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú agbada ńlá kan lọ́wọ́: “Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò ní ṣe aláìrí omi. Ẹ bá mi bu díẹ̀ sí eléyìí.” Díẹ̀! Nígbà tí díẹ̀ yẹn fi máa kún, mo ti padà sídìí okùn. Mo tún rọ òmíràn, ìyàwó mi dé: “Bàbá Ìbejì, ṣé korobá ìfọṣọ mi lẹ gbé yẹn?” Mo ní òun ni, òyìnbó ní méjì ni. Ó ní kí òyìnbó gbé tirẹ̀ wá. Ó tún wo ọwọ́ mi. “Ẹ̀! Táwẹ́ẹ̀lì tí Màmá fún mi nígbà ìkómọ àwọn Ìbejì! Ara táyà lẹ fi ń nù yẹn!” Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ sọ òtítọ́, ǹjẹ́ aṣọ kan wà nínú ilé yín tí kì í ṣe ti ìkómọ ẹnì kan?

Ọṣẹ ńkọ́? Mo ra ojúlówó ọṣẹ ìfọmọ́tò, owó gidi ni mo fi rà á, mo fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa gbé e, ìdajì ti lọ. Wọ́n ti fi fọ abọ́! Ìyàwó mi ní ó ń hó dáadáa ju tiwọn lọ, kí n tún bá òun rà á.

Ẹ má tíì sunkún. Àwọn tó ń kọjá lọ wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá la wà, èèyàn kì í ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i, ẹni tí wọ́n bá sì kí gbọ́dọ̀ dáhùn. “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Màá ní, “Oo, ẹ ṣeun.” “Ṣé kò sí o?” “A dúpẹ́.” “Àwọn Ìbejì ńkọ́?” Bàbá àgbàlagbà á kọjá, màá dọ̀bálẹ̀ tòun tọṣẹ lọ́wọ́, yẹ̀ẹ̀pẹ̀ á lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn, mi ò tún gbọdọ̀ fi kan mọ́tò mọ́, àfi kí n lọ ṣàn án, nígbà tí màá fi ṣàn án dé, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí wọ́n á sì fi dágbére nìkan ló jọra: “Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?” Ẹ wo ìwọ̀sí! Ìgbà wo ni ó wá di pé mọ́tò ẹni kò lè mọ́ láìjẹ́ pé èèyàn ti jẹ gbèsè?

Òyìnbó ní kí n má fọ̀ ọ́ nínú oòrùn, òótọ́ ló sọ, torí omi kànga ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á fi àmì funfun róbótó róbótó sílẹ̀ káàkiri. Ibòji kan ṣoṣo tí mo ní ni abẹ́ máńgòrò. Máńgòrò ń kán oje sílẹ̀ lọ́sàn-án, àdán ń jẹ èso rẹ̀ lóru, wọ́n ń ju kóró lu òrùlé mọ́tò, wọ́n sì ń ṣe ohun tí àdán máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgbẹ́ ẹyẹ náà kò sàn, oró wà nínú rẹ̀, bí oòrùn bá pa á mọ́ ọ̀dà, á jẹ ẹ́ wọlé. Àwọn ọmọdé ti ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lékeléke láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè, kò fún wọn. Èmi tí mi ò tọrọ ohunkóhun, èmi ló wá fún ní funfun, lórí mọ́tò dúdú, ó sì fún mi púpọ̀.

Bí òjò àti ẹyẹ bá sì sinmi, ọyẹ́ á gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, eruku máa ń gbéra ní apá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, á la gbogbo ilẹ̀ Hausa kọjá, á ré kọjá Odò Ọya, á gba Ògbómọ̀ṣọ́, á gba Ọ̀yọ́, kò ní yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ó di orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Kí ni mo fi ṣe wọ́n ní Chad? Mi ò débẹ̀ rí! N ò tíì fa ọwọ́ kúrò nínú omi tí eruku á ti tún tẹ́ lé e, tí ẹnì kan á sì ti fi ìka kọ ọ́ sára gíláàsì ẹ̀yìn pé “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọ̀ mí.” Mo mọ ìkọ̀wé yẹn, èmi ni mò ń sanwó iléèwé rẹ̀. Mo pe Táíwò, ó ní Kẹ́hìndé ni. Mo pe Kẹ́hìndé, ó ní Táíwò ni. Ìyá wọn ní kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ pé kò sí àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òjò. Ní Ìbàdàn, òjò ní àsìkò tirẹ̀, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Èmi ò bá òjò àsìkò jà. Òjò tó ń ṣọ́ èmi ni mò ń wí. Ojú ọ̀run á mọ́, màá wo ìlà oòrùn, màá wo ìwọ̀ oòrùn, kò ní sí kùrukùru, màá fọ mọ́tò, màá nù ún gbẹ, bí mo bá ti ń sá aṣọ ìnumọ́tò sórí okùn ni màá gbọ́ pàràpàrà lórí páànù. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bàbá kan tó gbin àgbàdo sẹ́yìnkùlé wá bá mi nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ó ní, “Bàbá Ìbejì, àgbàdo mi ti ń rọ o. Ìgbà wo lo máa tó fọ mọ́tò?” Àwọn kan tó fẹ́ ṣe òkú ìyá wọn, tó yẹ kí wọ́n lọ fún àwọn tó ń so òjò lówó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá lálẹ́ Jímọ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n ṣàánú àwọn, kí n má fọ mọ́tò lọ́la. Mi ò fọ̀ ọ́. Oòrùn ràn, wọ́n jó, wọ́n náwó fún onílù. Owó ẹni tó ń so òjò wà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n owó èmi tí mo so ọwọ́ ara mi, kọ́bọ̀ kò tọwọ́ wọn bọ́!

Ọ̀rọ̀ àgbò ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Iléyá ku díẹ̀, Ìyá Ríṣí ra àgbò kan, ó ga, ó sanra, ìwo rẹ̀ ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n so ó mọ́ ògiri. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ti fọ mọ́tò mi tán, mo ti nù ún gbẹ, mo ti fi ọ̀rá pa á, mo ti fi aṣọ rírọ̀ dán an títí apá fi ń ro mí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán débi pé ẹ lè dúró síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ fá irùngbọ̀n. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló so àgbò tí okùn rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀? Àgbò ń jẹ èèpo iṣu bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn mọ́tò mi, ó rí àgbò mìíràn tó ga, tó sanra, tí ìwo tirẹ̀ náà ká, tó tẹjú mọ́ ọn láìsẹ́jú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìwà àgbò. Ó fà sẹ́yìn. Mo ní, “O ò gbọdọ̀!” Ó tún fà sẹ́yìn sí i. Mo ju kànìnkànìn lù ú, mo ju bàtà, mo pe orúkọ Jésù, mo pe ti Ànábì torí pé àgbò Iléyá ni. Gbàgà! Ilẹ̀kùn wọnú. Àgbò inú ilẹ̀kùn kò sá. Ó tún fà sẹ́yìn, gbàgà! Kí n tó sáré yí mọ́tò po, ó ti kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí àgbò tó rí níbẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kóun gbà.

Ìyá Ríṣí sáré jáde. Ẹ rò pé mọ́tò mi ló wò? Orí àgbò ló dì mú! “Yéè! Ìwo ẹran mi! Bàbá Ìbejì, kí lẹ fi pa mọ́tò yìí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọn kì í fi ẹran alábùkù ṣe Iléyá ni? Bí ìwo yìí bá ṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn o!” Àwọn èèyàn pé lé wa lórí. Bàbá onílé jókòó, wọ́n gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n tún yẹ àgbò wò bíi pé òun náà máa rojọ́, wọ́n wá ní kí n fi sùúrù ṣe é, ẹranko ni, kò mọ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ náà, kí lo ń dán mọ́tò tó bẹ́ẹ̀ sí?” Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi! Èmi tí pánẹ́ẹ̀bítà fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi! Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n gbé abọ́ ẹran wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Inú mọ́tò kò sàn ju ìta lọ. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn nìkan, mo bá àwọn èèyàn ilé mi pàdé nípasẹ̀ ẹrù wọn: èèpo ẹ̀pà, gúgúrú tó ti le bí òkúta, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, egungun adìẹ ọjọ́ ìgbéyàwó ẹni tó ti bímọ méjì báyìí. Mo gbá gbogbo rẹ̀. Mo fi omi àti ọṣẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì búùtù, mo ní kó gbẹ. Kò tíì gbẹ tí ìyá ìyàwó mi ti Ṣakí dé sí gáréèjì, àfi kí n lọ gbé wọn. Wọ́n kó èlùbọ́ wá, wọ́n kó irú wá, àpò èlùbọ́ sì ní ihò nídìí. Èlùbọ́ dà sórí kápẹ́ẹ̀tì tútù, a wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, oòrùn ń ràn lórí búùtù, nígbà tí a fi máa délé, àmàlà ni mo bá níbẹ̀, ọbẹ̀ ló kù. Ṣé mo lè bá àna mi wí? Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó.” Wọ́n súre fún mi. Títí di òní, bí mo bá ti gíláàsì, irú ló ń kí mi káàbọ̀.

Ti iná iwájú kò ní gba àkókò wa. Ike tí wọ́n fi ṣe é ni oòrùn ti sọ di rúsúrúsú, ríwáyà mi ní ọṣẹ ìfọyín ló ń mú un. Ó sì mọ́, mi ò ní purọ́, nǹkan kíkúnná wà nínú ọṣẹ ìfọyín tó máa ń ha irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn á tún padà wá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé fún mi, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ilé rántí pé àwọn ní eyín? Àwọn ọmọ tí mo máa ń fi ẹgba lé sídìí fífọ ẹnu láràárọ̀!

Àbúrò mi kan ń gbé ní Jámánì. Ó ń ráhùn lórí fóònù pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, òfin ò gbà kéèyàn máa fọ mọ́tò síwájú ilé, nítorí epo àti ọṣẹ tó máa ń ṣàn wọ inú ilẹ̀ àti odò, àfi kéèyàn gbé e lọ síbi ìfọkọ̀ tí wọ́n ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sẹ́ omi ìdọ̀tí. Ó ń ráhùn o! Mo gbọ́ ọ, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìlú tí ìjọba ti ń gba ọkùnrin sílẹ̀! Bí ìyàwó bá ní mọ́tò dọ̀tí, ọkọ á kàn fọwọ́ lẹ́rán, á ní òun ò lè rú òfin.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti rọ omi, korobá méjèèjì kún dẹ́múdẹ́mú, mo ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Jíìpù kan dúró lẹ́nu géètì, ó fọn fèrè. Ọkùnrin kan sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ń fọ jíìpù?” Èmi! Bàbá Ìbejì! Mo yanu láti sọ fún un irú ẹni tí mo jẹ́, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àti iye èèyàn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nílé ẹbí wa. Ṣùgbọ́n omi ti wà nílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mo sì rántí owó pánẹ́ẹ̀bítà. Mo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. A ná an títí, ó bọ́ sí mẹ́ta. Mo fọ jíìpù náà látòkè délẹ̀, bí òyìnbó ṣe wí gẹ́lẹ́. Òjò kò rọ̀! Lékeléke fò kọjá lókè, kò wolẹ̀. Ìyá Ríṣí kò gbé agbada jáde, ìyàwó mi kò bèèrè korobá, àwọn tó ń kọjá kàn ń kí mi jẹ́jẹ́, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Jíìpù mọ́, ó ń dán, ọkùnrin náà yí i po, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ṣe tìráńsífà, ó na fóònù rẹ̀ sí mi kí n rí i, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Tìráńsífà náà kò tíì wọlé o.